Ká Hú U Ni àbí Ká Tọ́jú Rẹ̀?

Ẹni tó bá ní ọgbà ọsàn ní Adjarra, nítòsí Àjàṣẹ́, lè ti bá ọ̀ràn yìí pàdé rí: òjò oṣù kẹfà ti rọ̀ tán, ewé igi kan ń pọ́n, oje sì ń sun ní ìdí rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha èèpo ibẹ̀, a ó rí i pé ó ti dúdú, ó sì ti ń jẹrà. Ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora ló ń fà á. Inú omi ilẹ̀ ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá gbòǹgbò. Ṣé ká hú igi náà ni, àbí ká tọ́jú rẹ̀?

Ẹni tó ní ká tọ́jú rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọsàn tuntun ń lo nǹkan bí ọdún 3 sí 5 kó tó so dáadáa, èyí tí a gbin láti inú kóró sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn yìí kì í sì í sábà pa igi lójijì. Bí a bá kó erùpẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀, tí a ha èèpo tó jẹrà dànù títí a fi kan èyí tó yè, tí a wá fi oògùn bàbà kùn ún, egbò náà lè jinná.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ká hú u náà kò sọ ìsọkúsọ. Àrùn yìí lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àgbàrá sì gbé e dé ìdí igi aládùúgbò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Yàtọ̀ sí èyí, oògùn ń ná ni lówó, bàbà tí a ń kùn léraléra a sì máa kó jọ sínú ilẹ̀.

Síbẹ̀, híhú nìkan kì í wo ilẹ̀ sàn. Ẹni tó bá gbin ọsàn mìíràn sínú ihò kan náà lè pàdánù lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn kan á ní ká so ọsàn dídùn mọ́ ẹsẹ̀ ọsàn jàgànyìn, nítorí àrùn yìí kì í tètè ràn án. Òótọ́ ni, ọ̀nà yẹn ni ayé gbà lẹ́yìn tí àrùn náà run ọgbà ọsàn ní erékùṣù Azores ní nǹkan bí ọdún 1834. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún 1930, àrùn mìíràn, tristeza, pa àìmọye mílíọ̀nù ọsàn tó wà lórí ẹsẹ̀ jàgànyìn ní Bùràsíìlì. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ àrùn kan lè fà wá lé òmíràn lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, ìdí igi fúnra rẹ̀ ni mo rí i pé ó yẹ kó dá ẹjọ́ yìí. Bí èèpo tó jẹrà kò bá tíì yí i ká dé ìdajì, tí omi kì í sì í dá ró níbẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ sun ún, kí ẹ sì gbin ohun mìíràn síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ la ojú omi kúrò nínú ọgbà. Kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé, ẹ kúnlẹ̀ ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó dáadáa.