Ta Ló Kọ́ Adelé?

Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láàárín wa máa ń sọ pé quarterback kejì, ìyẹn adelé tó ń jókòó de ẹni àkọ́kọ́, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pé ká ní ó mọ̀ ọ́n gbá ni, kò ní jẹ́ adelé. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká wo Nick Foles àti Case Keenum.

Ní 2015, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, St. Louis Rams, lábẹ́ Jeff Fisher. Touchdown 7 péré ni Foles jù, bọ́ọ̀lù 10 sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Wọ́n fi Keenum rọ́pò rẹ̀, òun náà kò sì ṣe bẹbẹ. Bẹ́ẹ̀, Foles yìí kan náà ló ju touchdown 27 ní Philadelphia ní 2013 lábẹ́ Chip Kelly, tí 2 péré bọ́ sọ́wọ́ alátakò.

Ní 2017, adelé ni wọ́n tún jẹ́. Sam Bradford fara pa ní Minnesota, Keenum bọ́ síta, Pat Shurmur ń darí ìkọlù wọn, ó sì borí nínú 11 lára ìdíje 14 tó bẹ̀rẹ̀. Carson Wentz fara pa ní Philadelphia, Foles bọ́ síta. Àwọn adelé méjèèjì kojú ara wọn ní January 21, 2018: ẹgbẹ́ Foles na ti Keenum ní 38 sí 7. Ní February 4, wọ́n na New England Patriots 41 sí 33, Foles sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù.

Kí ló yí padà? Doug Pederson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Philadelphia, ti ṣe adelé fún Brett Favre rí. Kò fi dandan mú Foles gbá bíi Wentz. Ohun tó mọ́ Foles lára ló fún un ṣe. Nínú àṣekágbá náà, Foles fúnra rẹ̀ ló dábàá ọgbọ́n tó fi gba bọ́ọ̀lù dípò kó jù ú. Pederson gbà, ó sì di touchdown.

Ẹnì kan lè ní Foles pàdánù gbogbo ìdíje 4 tó bẹ̀rẹ̀ ní Jacksonville ní 2019, pé 6 nínú 16 ni Keenum borí ní Denver ní 2018. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn: wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ṣe ń lò wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè dá ẹ̀bùn sílẹ̀, àmọ́ bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ìmọ̀ èdè yàtọ̀ sí ìlò èdè. A kì í torí pé ẹnì kan kólòlò lọ́jọ́ kan ká ní kò gbọ́ èdè. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní òǹdè, yálà lórí pápá tàbí nínú kíláàsì wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó kọ́ ọ, àti bó ṣe kọ́ ọ.