Abẹ́rẹ́ Ọ̀sẹ̀ Kì í Ṣe Ti Ojoojúmọ́



Bí dókítà bá fún yín ní abẹ́rẹ́ methotrexate nítorí làkúrègbé tó ń wú oríkèé, tí nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ yín bí ẹ ó ti máa gún un nílé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá mú Jímọ̀, Jímọ̀ ni títí lọ. Ẹni tó bá ń gún un lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ má gún méjì pọ̀. Ẹ bi dókítà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ikùn tàbí itan ni ẹ ó gún, kó jìnnà sí ìdodo. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ẹ ju abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Aboyún kò gbọdọ̀ gbà á, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án: ó ń ba oyún jẹ́. Bí ibà bá mú yín, tàbí tí egbò yọ lẹ́nu yín, ẹ má dúró de Jímọ̀ mìíràn; ẹ tọ dókítà lọ.

Ọlọ́hun ló ń wo ni sàn; ìṣọ́ra ni tiwa.