Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Bàtà Sílẹ̀, Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin tèmi, láti àná ni fọ́tò yẹn ti ń yí ká. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Nàìjíríà lórí pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1949, báńdéèjì lọ́rùn ẹsẹ̀, bàtà ò sí. Ẹnìkan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ìyà jẹ àwọn bàbá wa o." Ẹlòmíì ní "ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀." Àìmọye èèyàn tẹ ẹ̀rín, àwọn tó kù tẹ ẹkún.

Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó wá bú mi.

Nínú gbogbo pósìtì tí mo kà, kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ ẹnì kankan lára wọn. Kò sí èyí tó sọ bí ìdíje ṣe parí. Ẹsẹ̀ nìkan lẹ rí. Èèyàn méjìdínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ẹ wá ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

MV Apapa lorúkọ ọkọ̀ náà. Ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1949 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool. Etim Henshaw ni kápútẹ́ẹ̀nì. Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà níbẹ̀, Titus Okere wà níbẹ̀, Dan Anyiam náà wà níbẹ̀. Jack Finch, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, ni kóòṣì. Ìdíje 9 ni wọ́n gbá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí àkọ́kọ́, pẹ̀lú Marine ti Crosby, 5-2 ni wọ́n fi nà wọ́n. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ o! Ẹ̀yin tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láti Igbó-Ọrà dé Ìbàdàn, tí ẹ á sùn dọ́jọ́ kejì, ẹ gbọ́ ṣá.

Wọ́n pàdánù pẹ̀lú, mi ò ní purọ́ fún yín. Bishop Auckland tó gbà wọ́n lálejò nínà wọn ní 5-2. Àmọ́ ẹ lọ wo ta ni Bishop Auckland. Nínú gbogbo kíláàbù Gẹ̀ẹ́sì tí kì í sanwó oṣù fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí èyí tó gba ife tiwọn tó wọn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n gbà á. Kì í ṣe ìtìjú kí irú wọn nà ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ yà ní Freetown. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, wọ́n kojú Sierra Leone, wọ́n sì fi 2-0 borí. Láti ibẹ̀ ni ìwé ìtàn ti ń ka ìdíje Nàìjíríà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Gbogbo ariwo Super Eagles tí à ń pa lórí ayélujára yìí, ọjọ́ yẹn ni orí ìwé rẹ̀. Mélòó nínú yín ló mọ̀ ọ́n? Ẹ mọ ọjọ́ tí Arsenal ra Kanu ṣá.

Ọ̀rọ̀ bàtà wá kàn báyìí. Bàtà bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn, awọ líle ni, ó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi kan eyín abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá mu omi, ó di ẹrù. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó kọ́ bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ líle, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu nínú òkùnkùn, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mi ò sọ pé bàtà pọ̀ lọ́jà nígbà náà o. Ó wọ́n. Ṣùgbọ́n pé nǹkan wọ́n kò sọ pé òun nìkan ló fa ọ̀rọ̀. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù n'Ìdèrè níbí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan wọ bàtà wá. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fi ṣe òpó góòlù. Ṣé ìyà ló ń jẹ àwọn yẹn náà?

England wọ bàtà tó dán lọ sí Brazil lọ́dún 1950, Amẹ́ríkà fi 1-0 nà wọ́n ní Belo Horizonte. Ọmọ Haiti kan, Joe Gaetjens, ló gbá a wọlé. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe England ọdún náà ní "àwọn tó wọ bàtà"?

Ẹ wo ti Íńdíà. Ní Olympics London 1948, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà. Faransé ní láti làágùn kí wọ́n tó fi 2-1 lé wọn, Íńdíà sì pàdánù pẹnárítì méjì nínú ìdíje yẹn. Nígbà tó di 1950, Íńdíà ò lọ sí World Cup. Títí dòní ni gbogbo ayé ń sọ pé torí FIFA ní kí wọ́n wọ bàtà ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wọn ni kò ka World Cup sí nǹkan bàbàrà nígbà náà, Olympics ni wọ́n gbójú lé. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí ìtàn bàtà ń ṣe? Ó ń bá aláṣẹ bo àṣírí. Ẹsẹ̀ ọmọ tálákà ló máa ń jẹ̀bi.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mo bá ní ará Ìdèrè ni mí, ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ìlú wa rí, sòbìà ló fi mọ̀ ọ́n. Àwọn oníwàádìí láti Ìbàdàn wá sọ́dọ̀ wa nígbà náà, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n omi odò àti adágún làwọn èèyàn wa ń mu torí ẹ̀rọ omi ò sí, ta ni kò gbé ẹ̀rọ omi wá? Ẹni yẹn ò sí nínú ìtàn. Àwa la wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wa tó wú. Ọdún 2013 ni WHO ti fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà, àmọ́ orúkọ ò tán lára wa. Torí náà tí mo bá rí i tí wọ́n tún fi ohun tí ẹnìkan ò ní ṣe orúkọ rẹ̀, ara mi kì í gbà á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ wí: "ìyìn la fi ń yìn wọ́n, wọn ò ní nǹkan, wọ́n sì gbìyànjú." Rárá o. Ìyìn tó gba ẹnu ọ̀nà àánú wọlé, ara èèyàn kì í yá gágá sí i. Ẹni tí ẹ bá ń káàánú, ẹ kì í bi í léèrè iṣẹ́. Ẹ ò béèrè bí Thunder ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin yìí padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ Queens Park Rangers lọ́dún 1956, ó sì gbá góòlù 3 sáwọ̀n nínú ìdíje líìgì 13. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré ní Surulere, ibẹ̀ lẹ ti ń lọ wo Olamide. Okere náà wọ Swindon Town. Wọn ò pe ìkankan nínú wọn torí àánú.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ará Èkó gba ìtàn yìí lọ́wọ́ wa tán. Lóòótọ́, nígbà tí ife Governor's Cup bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945, Marine àti Railway ti Èkó ló ń gbà á fúnra wọn. Kano gbà á lọ́dún 1953, Calabar tẹ̀lé e, Port Harcourt tẹ̀lé e. Ó di 1959 kí Ibadan Lions tó gbé e wá sọ́dọ̀ tiwa, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1961. Àwọn bàbá tó ń gbọ́ ìròyìn yẹn lórí rédíò ṣì ń jókòó lábẹ́ igi ní Èrúwà, ní Lànlátẹ̀, n'Ìdèrè. Ẹ ò bi wọ́n. Fídíò ijó lẹ gbájú mọ́, èmi náà ń ṣe é, owó dátà gbọ́dọ̀ padà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ pín fọ́tò yẹn, ohun kékeré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ pa àkọlé yẹn rẹ́. Ẹ kọ Henshaw, ẹ kọ Balogun, ẹ kọ Okere, ẹ kọ 5-2.

Èmi ti ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní Ìbàràpá, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé láàárín 1950 sí 1965. Tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá wà lára wọn, tàbí tí fọ́tò tíìmù kan bá wà nínú àpótí nílé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn rẹ̀, láti orí gólì dé wíńgà.