Àtẹ̀gùn Mẹ́ta Péré

Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti ti ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa dé. Mo ní kí n gbé e mì, kò ṣeé gbé mì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ mọ̀ bí ìrìn-àjò náà ti ṣe pàtàkì tó fún irú èmi. Sábó-Gàrí ní Zaria ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Hausa ni mo fi ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré, Yorùbá ni ìyá mi fi ń bá mi wí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ baba mi, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ní a ó lọ wo ibùdó ìṣẹ̀ǹbáyé kan nílẹ̀ Yorùbá, ṣe ni mo ń ka ọjọ́. (N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan.)

Akápò wa náà ń ka ọjọ́. Òun ló gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, òun ló bá onímọ́tò dúnàádúrà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: rọpárọsẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀ ní kékeré, àga onítáyà ló fi ń káàkiri ọgbà wa yìí. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí a débẹ̀, òkè la bá pàdé, àpáta gidi. Akápò wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ bá mi kí àwọn ará òkè. Èmi á ti máa ra nǹkan nísàlẹ̀." Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń tọ́jú owó nítorí ọjà yìí. Ó yí àga rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ó sáré jáde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bùrọ̀dá. Kí ni kí n bá yín mú wá?" Akápò ní, "Ẹ ṣé, mà. N kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ wò ó ni." Obìnrin náà kó àdìrẹ méjì àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan jáde. Dírẹ́bà wa ní òun á gbé e wọlé, Akápò ní rárá. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, tí a sì kó wọ ṣọ́ọ̀bù náà wọ̀ọ̀, tí oníkálukú ń já ọjà gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, abẹ́ igi ni ó wà pẹ̀lú àdìrẹ kan lórí itan. Kò tilẹ̀ ná an. Ìrajà kì í ṣe ká sanwó nìkan. Ká wò ó, ká fọwọ́ kàn án, ká ní ó ti wọ́n jù, ká lọ, ká tún padà wá, òun ni ọjà.

Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun nínú wa. Ó di Lọ́kọ́ja kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òkè yẹn kò dùn mí. Ọlọ́run ló ṣe é. Àtẹ̀gùn yẹn, bíríkìlà ló mọ ọ́n."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Bí a bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, a kò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò ní ká fọ́ ojúbọ tàbí ká gé àpáta. (Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ṣe ní 2006, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i.) Ṣùgbọ́n kí ni ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ṣọ́ọ̀bù? Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì àti páànù ni. Baba ńlá wa kankan kò fọwọ́ sí àtẹ̀gùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìlànà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà máa gbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 15, mẹ́ta jẹ́ 45. Ọ̀nà náà á gùn ní 540, kò pé mítà márùn-ún àti ààbọ̀. Kò gùn tó mọ́tò méjì tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó 90, kí apá kan káńtà rẹlẹ̀ tó 80 kí ẹni tó jókòó lè rí ojú ẹni tó ń tajà fún un. Ká má sì gbàgbé afọ́jú. Ìwé "Má fọwọ́ kàn án" tí wọ́n lẹ̀ káàkiri yẹn, kí ni afọ́jú fẹ́ fi mọ ère tó fẹ́ rà?

Òfin náà kò dákẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà. Ọdún 5 ni òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní 2024. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tó tàpá sí ìlànà yìí lè san ó kéré tán 1,000,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Ẹnì kan sọ fún mi pé aláàbọ̀ ara mélòó ló tilẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Mo ní mélòó ni yóò lọ, nígbà tí ọ̀nà kò sí? Ìyá àgbà tó ń tẹ̀pá ńkọ́? Aláboyún ńkọ́? Ọmọkùnrin tó ń gbé páálí ọjà wọlé láràárọ̀ ńkọ́?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí mo rí lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù náà: ère Ọbàtálá, tó funfun báláú. Kristẹni ni mí, n kò bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà kọ́ mi pé ẹni òrìṣà ni abuké, àfín àti arọ, Ọbàtálá ló ni wọ́n, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ère òrìṣà wà nínú ilé, ẹni òrìṣà wà níta lábẹ́ igi.

Kí á tó máa nàka sí wọn, ẹ rántí ibi tí àwa náà ti ń ṣe ìpàdé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Oṣooṣù ni ọmọkùnrin mẹ́rin ń gbé Akápò gòkè, tí a ó sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé oore la ṣe é. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́rin yẹn rí, inú mi sì dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣófo ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Mo ti kọ lẹ́tà kan sí àwọn alábòójútó ibùdó náà, ìṣirò òkè yìí sì wà nínú rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i wá ṣe bẹ́ẹ̀ nípàdé tó ń bọ̀. Mo ti bẹ alága, ó sì ti gbà: yàrá ìsàlẹ̀ ni a ó lò.