Ẹ jẹ́ kí ó dá lọ wo eré ní Èkó

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀, Sakétẹ́ àti Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láìfi bò. Bí ọmọbìnrin ilé wa bá ní òun ń lọ sí Èkó lọ ra aṣọ tí òun máa tà, gbogbo ilé á súre fún un. Bí ó bá ní òkú ni òun ń lọ sin, a tilẹ̀ máa ń dá owó ọkọ̀ fún un. Àmọ́ kí ó sọ pé òun nìkan ń lọ jókòó wo eré orí ìtàgé, kí òun gbọ́ orin, kí òun sì padà lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Ta ló ń dúró dè ọ́ níbẹ̀?" Ti ọkùnrin pàápàá kò dáa. Wọ́n á ní ó ti ríwó ná ní ìnákúnàá.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ìgbéyàwó ẹni tí a ò mọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìnákúnàá.

Láti Àjàṣẹ́ dé Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 100 ni. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn CEDEAO ti wà pé ká lè wọ ilẹ̀ ara wa láìgba fisà, ká sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Èdè tí a ó bá níbẹ̀, èdè wa ni. Ní 1964, Dúró Ládípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré *Ọba Kò So* lọ sí Berlin. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ará Jámánì sì jókòó wò ó. Àwa tí a gbọ́ èdè náà, mélòó nínú wa ló ti kọjá Sèmè nítorí eré rí?

Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Ìgànmú, tó rí bíi fìlà ọ̀gágun, FESTAC ọdún 1977 ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Láti 2024 ló ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Terra Kulture ní Victoria Island ni wọ́n ti ń ṣe eré olórin, irú èyí tí wọ́n ṣe lórí Fẹlá àti àwọn ìyàwó rẹ̀ ní 2017. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni, àwa tí Faransé ni wọ́n fi kọ́ níléèwé á pàdánù àwàdà díẹ̀. Owó ìwọlé ibẹ̀ náà kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ẹni tí kò bá rí i san lè gba Ìkẹjà lọ, sí New Afrika Shrine tí Fẹ́mi àti Yẹni Kuti ṣí ní 2000.

Fídíò orí fóònù kò jọ ọ́ rárá. Nínú fóònù, ẹni tó ya fídíò ló ń yan ohun tí o máa wò. Níbi eré gan-an, o lè gbójú kúrò lára olórin, kí o máa wo onílù tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ oníjó kó tó lu tiẹ̀. Bí o bá sì dá nìkan lọ, kò sẹ́ni tí á ní ebi ń pa òun, kò sẹ́ni tí á ní ká tètè máa lọ kí òjò tó dé.

Àwọn àgbà á bi mí pé ṣé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò tó wa ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wa. Kétu ló ti ṣẹ̀, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ láti 2001 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n lóru Ẹ̀fẹ̀, gbogbo wa la mọ ara wa. Ẹni tí orin ń bú, àbúrò rẹ̀ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ò ní lè rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. Èkó ò mọ̀ ọ́. Rẹ́rìn-ín, sunkún, kò kan ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ wa. Faransé ni ti ìwé, Faransé ni ti ọ́fíìsì, wọ́n sì ti ń rò pé inú ilé ìdáná ni Yorùbá mọ. Jẹ́ kí ọmọ ogún ọdún jókòó sáàárín èrò tó sanwó kí wọ́n tó wọlé wá gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lórí ìtàgé, kí iná kú, kí àpàlà tàbí oríkì bẹ̀rẹ̀. Àlàyé tí èmi àti ẹ̀yin lè ṣe fún un kò tó ìyẹn. Àwọn onífèrè Gangbé Brass Band láti ilẹ̀ Benin níbí pàápàá forí lé Èkó nítorí kí wọ́n lè ṣeré nílé Fẹlá. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, nítorí ibi àyẹ̀wò pọ̀ láti Sèmè dé Badagry. Ṣẹ́ sẹ́ẹ̀fà rẹ sí náírà lójú mọmọ. Sọ ibi tí o máa sùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ kan tí kò ní pariwo. Eré Shrine kì í tètè parí, nítorí náà Ìkẹjà ni kí o sùn, kí o wọkọ̀ padà láàárọ̀.