“Àyà Ń Dùn Mí” Kò Tó

Ní ìsinmi tó kọjá, àbúrò bàbá mi ti oko iṣu dé sí ilé wa ní Òtu, wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n. Ìyá àgbà ní àyà títa lásán ni, ata ni wọ́n jẹ jù. Wọ́n fún wọn ní oògùn ọgbẹ́ inú. Ó tó wákàtí méjì kí n tó bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé ó ń ta yín ni, àbí ó ń gún yín?”

Wọ́n ní, “Kò ta, kò gún. Ó wúwo, bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà. Apá mi òsì náà ń ro mí.” Òógùn bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀.

Háàtì àtáàkì ni. Ìsẹ́yìn ni a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, a tó dé Ìbàdàn. Wọ́n yè é, ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ ebè mọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, èdè wa kọ́ ló kùnà níbẹ̀, àwa la ò bèèrè. Ní 1975, Ronald Melzack ti Yunifásítì McGill ní Kánádà kó ọ̀rọ̀ 78 tí aláìsàn fi ń ṣàpèjúwe ìrora jọ sí ọ̀wọ́ 20. Àwa náà ní tiwa. Èyí tó ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń le sí i téèyàn bá dùbúlẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti inú. Èyí tó ń gún, tó ń dunni sí i téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan tàbí egungun ìhà. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo, tó ń fún àyà mọ́ra, tó ràn dé apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn, èébì tàbí àìlèmí délẹ̀ bá a rìn, ọkàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe àyẹ̀wò o. Háàtì àtáàkì mìíràn máa ń ta bí ti inú. Ti àwọn obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀ọ̀gbẹ lè má ju àárẹ̀ àti mímí gúlegúle lọ. Ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn kíá, torí bí àkókò ṣe ń lọ ni iṣan ọkàn ń kú.

Àbá mi rèé: kí ẹnìkan nínú wa fi ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora ní Òtu, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kó sì gbé e fún àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ìyẹn á wúlò ju kó sùn sínú àpótí ìwé ẹ̀ka wa lọ.