Ilẹ̀kùn Gáréèjì Ń Ké, Onílé Kò Dáhùn

Kì í ṣe gáréèjì tí ẹ ti ń wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́ lọ̀rọ̀ wà lé lórí lónìí o. Èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé, tí mọ́tò ń sùn sí, ni. Ẹ dé Ìpè-Àkókó, ẹ dé Ọ̀kà: onílé lè wà l'Ékòó, kó jẹ́ ọdún dé ọdún ni yóò gbé mọ́tò wálé. Gáréèjì tó ṣófo kì í pẹ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan á máa ta ẹlẹ́rìndòdò níbẹ̀, aránṣọ á gbé máṣíìnì síkejì. Láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀kùn á ké "kíín-ín!" Lálẹ́, á tún ké. Bí ọmọ bá bèèrè, ìyá á ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀yin ìyá wa, irin kì í ké lásán. Irin tó ń ké, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Eruku ọyẹ́ á wọ inú àgbékọ́, èyí táwọn wẹ́dà ń pè ní ínjìsì, òjò á tẹ̀ lé e, irin á dípẹtà. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Ọ̀dà lè máa dán lójú, kí inú ti jẹrà bí eyín tó kẹ̀. Ọjọ́ tí àgbékọ́ bá já, ilẹ̀kùn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó wó. Ta ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀? Ọmọ tó ń fi í ṣe jáńgílọ́fà ni!

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. L'Ámẹ́ríkà, C. G. Johnson ṣe ilẹ̀kùn gáréèjì tó ń gbéra lọ sókè ní 1921. Ní 1926, ó fi iná mànàmáná sí i. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tẹ ọmọdé pa. Ni ìjọba wọn bá pàṣẹ pé ẹ̀rọ tó ń ṣí i, tí wọ́n bá ṣe láti 1993, gbọ́dọ̀ padà sókè bí nǹkan bá wà lọ́nà. Tiwa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ojú wa ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ẹ fi àkísà gbígbẹ nu àgbékọ́, kí ẹ tó fi gírísì sí i. Ẹni tó da gírísì lé eruku lórí, yanrìn ló pò fún irin. Ẹ má lo epo pupa tàbí òróró, lílẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà lórí réèlì ni, ẹ gbá réèlì náà mọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá irin tó ń dá a dúró ní ìparí ṣì wà. Bí ìyẹn bá ti yọ, ilẹ̀kùn lè já bọ́ mọ́ ẹni tó ń fà á. Bó bá jẹ́ èyí tó ń ká sókè bí ẹní, ẹ má fọwọ́ kan sípíríǹgì rẹ̀. Iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn. Ibi tó bá dípẹtà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ẹ kun ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà, kí ọ̀dà gidi tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé etí ilẹ̀kùn sókè díẹ̀: bó bá ń mì, ẹ pe wẹ́dà. Kó tó tan iná rẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti sìlíńdà gáàsì jìnnà.

Ta ni yóò sanwó? Ìyá ẹlẹ́rìndòdò á tẹ onílé láago. Onílé á ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, tí mo bá délé ọdún." Kí ìyá dá a lóhùn pé, "Bàbá onílé, ilẹ̀kùn ò mọ ọdún o." Kí ayálégbé ra gírísì, ẹni tó ń ṣí i lójoojúmọ́ ni. Kí onílé san ti wẹ́dà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ilé, kí rìsíìtì sì wà nílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Bí ilẹ̀kùn yín bá ké lọ́la, ẹ má sọ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ lé ọmọ kúrò nídìí rẹ̀.